Bí ipò méjì bá ní agbára kan náà, kí ló mú wọn jẹ́ méjì?

Akẹ́kọ̀ọ́ Tankẹ (Ìlọrin):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Físíìsì ni mò ń kọ́ níbí, a sì ti dé orí àwọn ipò tí ìwé ń pè ní degenerate, ìyẹn àwọn ipò tí ó yàtọ̀ síra ṣùgbọ́n tí agbára (energy) wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Àpẹẹrẹ tí wọ́n fún wa ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí a há mọ́ inú àpótí pẹlẹbẹ kan tí ìbú àti gígùn rẹ̀ dọ́gba. Nọ́ńbà méjì ni a fi ń dá ipò kọ̀ọ̀kan mọ̀. Bí a bá sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, tí a sì ro wọ́n pọ̀, iye tí a rí ni agbára ipò náà ń tẹ̀lé. Ipò (1,2) mú 5 wá (1×1 + 2×2), (2,1) náà sì mú 5 wá. Mo ti ń fi wọ́n wé ìbejì tí ó ga dọ́gba, ọkàn mi sì balẹ̀, àfi ìgbà tí mo ro ìgbì tí ó ń ṣàpèjúwe ipò méjèèjì pọ̀ tí mo tún rí ìgbì mìíràn tí tirẹ̀ náà jẹ́ 5. Mo yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì, 5 náà ni. Ọ̀rẹ́ mi ní wọ́n ti di mẹ́rin nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, mélòó ni wọ́n gan-an? Bí agbára wọn bá sì jẹ́ ọ̀kan, kí ni kò jẹ́ kí wọ́n jẹ́ ipò kan ṣoṣo?

Oníṣirò Ọ̀fà:
Méjì ni wọ́n. Agbára nìkan kọ́ ni a fi ń dá ipò mọ̀. Nínú (1,2), ilà kan wà láàárín àpótí tí a kò lè bá ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà lórí rẹ̀ láéláé. Nínú (2,1), irú ilà bẹ́ẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ó dábùú ti àkọ́kọ́. Èyí tí ẹ rò pọ̀ àti èyí tí ẹ yọ kò mú nǹkan tuntun wá, nítorí pé inú méjì ìṣáájú ni a ti bù wọ́n. Ẹ lè fi wọ́n rọ́pò àwọn àkọ́kọ́ bí ó bá wù yín, iye wọn kò ní kúrò ní méjì. Ibí yìí ni àfiwé ìbejì ti já: kò sí ẹni tí ó lè po Táíwò mọ́ Kẹ́hìndé kí ó rí ìbejì mìíràn tí ó ga bákan náà. Ẹ má sì po (1,1) mọ́ (1,2) kí ẹ máa retí irú àbájáde yìí o. Agbára wọn kò dọ́gba, àdàlù wọn kò sì ní dúró lójú kan, yóò máa mì síwá sẹ́yìn bí àsìkò ti ń lọ.

Ọmọ Onílù (Òmù-Àrán):
Ilé onílù ni wọ́n bí mi sí, mo sì rò pé ojú ìlù sọ ọ̀rọ̀ yìí yéni ju àpótí lọ. Nígbà kan, mo na ọ̀rá bo ẹnu garawa kékeré, mo fi rọ́bà dè é yíká, mo wọ́n yanrìn kíkúnná sí i lórí, mo sì gbé sípíkà tì í. Bí mo ti ń gbé ohùn sípíkà náà láti ohùn ìsàlẹ̀ lọ sí ohùn òkè díẹ̀díẹ̀ (kì í ṣe ariwo rẹ̀ ni mo ń fi kún), ó dé ibi kan tí yanrìn sá jọ sórí ilà kan ṣoṣo tí ó la ojú ọ̀rá sí méjì: bí apá kan bá gòkè, èkejì a sọ̀kalẹ̀. Mo gbé sípíkà lọ sí ẹ̀gbẹ́ mìíràn, ilà náà yí tẹ̀lé e, ohùn kò sì yí padà. Ibi tí ilà náà lè kọjú sí kò lóǹkà, síbẹ̀ àdàlù méjì péré ni gbogbo wọn: èyí tí ó lọ láti àríwá sí gúúsù àti èyí tí ó dábùú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo fa ọ̀rá náà le sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ilà náà kọ̀, kò yí mọ́. Ọ̀nà méjì péré ni ó gbà láti dúró sí, ọ̀kan tọ ipa ibi tí mo fà, èkejì dábùú rẹ̀, ohùn kálukú sì yàtọ̀ díẹ̀. Ohùn méjì tó sún mọ́ra báyìí ló ń mú kí ìlù tí a kò fa awọ rẹ̀ dọ́gba máa gbọ̀n létí.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì (Ìlọrin):
Ọmọ Onílù, o ṣeun. Ibi tí o parí sí ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́, bí ohun kékeré kan bá da ìdọ́gba rú, òun fúnra rẹ̀ ni yóò yan àdàlù tí ó tọ́. Bí o kò bá kọ́kọ́ wá àdàlù náà rí, ìlànà ìṣirò tí ẹ ń lò fún ìyípadà kékeré yóò ní kí o fi òdo pín nǹkan, nítorí ìyàtọ̀ agbára ipò méjèèjì ni ìlànà náà fi ń pín nǹkan, òdo sì ni ìyàtọ̀ ọ̀hún. Àìmọye ìwé ìdánwò ni mo ti rí tí ó kú síbẹ̀.

Ní 1896, Pieter Zeeman, ará Nẹ́dálándì, gbé iná sódíọ̀mù sáàárín mágínẹ́ẹ̀tì alágbára, ó sì rí i pé àwọn ilà aláwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pín sí fẹ̀ sí i: mágínẹ́ẹ̀tì náà ti ya àwọn ipò tí agbára wọn dọ́gba nípá. Ti háídírójìn tún ṣòro jù bẹ́ẹ̀. Ìpele agbára rẹ̀ kejì wà ní −3.4 eV (eV ni ìwọ̀n agbára tí a ń lò fún átọ́ọ̀mù), ìṣirò onífísíìsì Paul Dirac sì ní ipò méjì níbẹ̀, tí a ń pè ní 2S½ àti 2P½, dọ́gba pátápátá. Ní 1947 ni Willis Lamb àti Robert Retherford fi hàn ní Amẹ́ríkà pé wọn kò dọ́gba tán. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ nǹkan bí 1057 MHz (iye ìgbà tí ìgbì ń mì ni wọ́n fi wọn agbára náà), tí kò ju bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù agbára ìpele náà lọ.

Má sì rò pé yíyí àpótí ni orísun gbogbo ìdọ́gba. Wo 50 nínú àpótí rẹ: (1,7), (7,1) àti (5,5). Bí o bá yí àpótí náà, (1,7) á di (7,1), ṣùgbọ́n kò sí bí o ṣe lè yí (5,5) kí ó di ọ̀kan nínú wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tankẹ (Ìlọrin):
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Lálẹ́ àná, mo fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún kún gígùn ìhà kan àpótí náà. 5 pín sí 4.980 fún (1,2) àti 4.921 fún (2,1). 50 pín sí mẹ́ta, 49.980, 49.507 àti 49.035, (5,5) sì bọ́ sáàárín. Ọ̀rẹ́ mi tí ó ní mẹ́rin ni wọ́n ti gbà báyìí. Garawa àti yanrìn ló ń wá kiri.