Kútọnu sí Montreal: ọ̀nà wo ni kí màmá mi gbà?

ỌmọAlákétu: Ẹ kúulé o ẹ̀yin ará. Màmá mi ń lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Montreal lóṣù July, Kétu níbí la ti ń bọ̀ wá wọ bàálù ní Kútọnu. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò sì wọ bàálù rí. Ṣé Paris ni ká gbà àbí ibòmíì, wákàtí mélòó gan-an ni wọ́n máa lò lókè?

BàbáÌbejì_Àjàṣẹ́: Ẹ gba Paris jàre, òun la mọ̀. Kútọnu sí Paris tó 4,740 kìlómítà, wákàtí mẹ́fà lé díẹ̀. Paris sí Montreal wá tó 5,520, bíi wákàtí méje àbọ̀ sí mẹ́jọ.

Sábẹ̀ẹ́Boy: Bàbá Ìbejì ẹ má bínú o, ẹ ro ó pọ̀, ó ti lé ní 10,200 nìyẹn. Ká ní bàálù kan ń fò tààrà láti Kútọnu ni (kò sí o), bíi 8,400 péré ni ì bá jẹ́. Ti Paris yẹn, àríwá gangan lẹ máa kọ́kọ́ lọ kẹ́ẹ tó wá yà sọ́wọ́ òsì. Ẹ wo Royal Air Maroc, iléeṣẹ́ bàálù Morocco, Kútọnu sí Casablanca níbẹ̀ bíi 3,200, wákàtí mẹ́rin àbọ̀, látibẹ̀ sí Montreal bíi 5,670, wákàtí mẹ́jọ, gbogbo ẹ̀ ò pé 8,900.

ÌyáAláṣọ: Kìlómítà kọ́ ló ń dá àgbà lágara, ìdúró de bàálù kejì ni! Ẹ wò ó dáadáa kẹ́ẹ tó sanwó torí ó máa ń yàtọ̀ lọ́jọ́ sọ́jọ́, wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún dáa, tó bá kéré jù màmá á máa sáré, tó bá sì jẹ́ àsùnmọ́jú ẹ wá ọjọ́ míì. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni kẹ́ẹ rà dé Montreal, kẹ́ẹ sì ti sọ fún iléeṣẹ́ bàálù ní ọjọ́ méjì ṣáájú ó kéré tán pé màmá máa lo àga oníkẹ̀kẹ́, wọn kì í gbowó ẹ̀.

Gbóyè229: Èkó ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó dínwó.

ÌyáAláṣọ: Tòun ti orúnkún yẹn, kí wọ́n tún lọ to bọ́dà Sẹ̀mẹ̀? Áà, Gbóyè!

ỌmọAlákétu: 😂 Mo rí ọ̀kan o, ó gbéra ní Casablanca ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ó balẹ̀ ní mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Wákàtí mẹ́ta kẹ̀?

Sábẹ̀ẹ́Boy: Rárá, aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ. Ní July, wákàtí márùn-ún ni Montreal fi wà lẹ́yìn tiwa àti ti Casablanca, mẹ́fà wọn yẹn ti di mọ́kànlá alẹ́ níbí, wákàtí mẹ́jọ ló fò. Bíbọ̀ á yá ju lílọ lọ torí atẹ́gùn òkè lọ́hùn-ún máa ń ti bàálù bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn.

ỌmọAlákétu: Casablanca la máa gbà nìyẹn. Ṣé ká sùn sí Kútọnu?

BàbáÌbejì_Àjàṣẹ́: Ẹ sùn síbẹ̀ o, Pọ́bẹ̀, Sákétè, Àjàṣẹ́ kẹ́ẹ tó débẹ̀, wákàtí mẹ́ta ṣáájú ló sì yẹ kẹ́ẹ ti wà ní pápákọ̀ òfurufú Cadjehoun. Tàbí kẹ́ẹ sùn lọ́dọ̀ wa ní Àjàṣẹ́, ẹ kọ sí mi ní inbox.