Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: géèmù wo ni kí n fi ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́?

Ọmọ Ajílété (Houston): Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò mi ní ṣọ́ọ̀bù géèmù ní Under G, lẹ́bàá LAUTECH. Mo rí Xbox 360 àlòkù kan tí owó rẹ̀ ò ga, àmọ́ àbúrò mi fárígá. Ó ní àwọn oníbàárà òun ò ní jókòó sídìí ẹ̀, pé Xbox kì í pẹ́ kú. PlayStation ló fẹ́. Ṣé òótọ́ ni, àbí orúkọ lásán?

Bọ̀dá Akẹ̀sán (Manchester): Ó nídìí, àbúrò. 360 jáde ní 2005, kò sì pẹ́ tí iná pupa mẹ́ta tó máa ń tàn bó bá ti kú fi di orúkọ mọ́ ọn lára. Ooru ló fà á. Á gbóná, á tutù, á tún gbóná, títí àwọn ìsopọ̀ inú ṣíìpù ẹ̀ á fi sán. Ní 2007, Microsoft tó ṣe é sún wáráńtì àìsàn yẹn sí ọdún 3, wọ́n sì ya owó tó lé ní bílíọ̀nù 1 dọ́là sọ́tọ̀ fún un. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ ò tìtorí ẹ̀ sá o! Wọ́n ń gbé e lọ tún ṣe, wọ́n ń padà sídìí ẹ̀. PlayStation 3 (PS3) náà ní iná yẹ́lò tó ń kú sí, ṣùgbọ́n ta lẹ gbọ́ tó ń fi bú u ní Ọ̀yọ́?

Ìyá Ìbejì (Dublin): Ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín. Pádì kan wà nílé mi tó ń rìn fúnra ẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ náà. Mo pariwo, àwọn ọmọ ní èmi ni mo da mínírà sí i! Iléeṣẹ́ tó bá ti wọ ọmọ lọ́kàn kì í jẹ̀bi mọ́.

Bọ̀dá Akẹ̀sán: Ìyá Ìbejì, tó bá jẹ́ Joy-Con, ìyẹn pádì ẹ̀rọ géèmù Switch, ni, láti 2023 ni Nintendo ti ń tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ní Yúróòpù, bí wáráńtì ẹ̀ tilẹ̀ ti parí. Ẹ kàn sí wọn.

Ọmọ Tákíè (Toronto): Orúkọ lẹ̀ ń jà lé lórí, ẹnikẹ́ni ò béèrè iná! Adápítọ̀ Xbox 360 ti Amẹ́ríkà, 100–127V ló wà lára ẹ̀. Iná ilé wa ju 220V lọ. Bí àbúrò yín bá ti kì í bọ iná NEPA báyìí, ó jóná nìyẹn. Gbogbo Under G á wá ní, "Ṣẹ́ ẹ rí i, Xbox!" Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó sanwó. Tó bá ti jẹ́ 100–240V, bíi ti PS5, orí wáyà nìkan lẹ máa pààrọ̀.

Kó ra sitẹbiláísà tó dáa, kó má sì kó ẹ̀rọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà ọyẹ́, eruku á di fáànù ẹ̀ pa, kò sì sí orúkọ tí eruku ń bẹ̀rù. Kó máa fẹ́ ẹ jáde déédéé. Ẹ bá mi kìlọ̀ fún un kó má fi aṣọ bò ó nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Mo ti rí i rí ní Ògbómọ̀ṣọ́, aṣọ tẹlifíṣọ̀n olódòdó!

Ọmọ Ajílété: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. PS4 ni màá wá. Òwò ni ọmọ yẹn ń ṣe. Bí oníbàárà ò bá ní sanwó kó jókòó sídìí 360, kí ni yóò fi owó pọ́ọ́kú ẹ̀ ṣe? Ta ló ń lọ sílé ní December tí àyè ṣì wà nínú báàgì ẹ̀?