Mo fẹ́ lọ wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìtàn ẹ̀sìn: báwo ni kí n ṣe wò ó tí yóò fi yé mi?

Arìnnà béèrè pé:

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ ń gbé mi lọ sí ìlú Saint Petersburg ní Rọ́ṣíà ní oṣù tó ń bọ̀, ọjọ́ kan péré ni yóò sì jẹ́ tèmi níbẹ̀. Mo fẹ́ lo ọjọ́ náà ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ìtàn Ẹ̀sìn tó jẹ́ ti ìjọba, ṣùgbọ́n ohun méjì ń kọ mí lóminú. Èkíní ni pé mo fi ọwọ́ gidi mú ẹ̀sìn mi, wọ́n sì sọ fún mi pé àwọn tí kò gbà pé Ọlọ́run wà ló dá ibẹ̀ sílẹ̀ láti máa fi ẹlẹ́sìn ṣe yẹ̀yẹ́. Èkejì ni pé nígbà tí mo wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn, kò pé wákàtí méjì tí gbogbo rẹ̀ fi di ọ̀kan náà lójú mi: ère, àwo, ìwé àtijọ́, ère mìíràn, títí ó fi jẹ́ pé àga ni mò ń wá kiri. Báwo ni ẹ̀yin tí ẹ ti lọ ṣe ṣe é?

Olùkọ́ Ìtàn dáhùn pé:

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìrìn àjò. Ohun tí wọ́n sọ fún yín kì í ṣe irọ́, àmọ́ wọn kò sọ ọ́ tán. Ní 1932, nígbà tí ìjọba Sófíẹ̀tì ń gbógun ti ẹ̀sìn, ni wọ́n ṣí ilé náà, inú Kàtídírà Kazan gan-an ni wọ́n sì gbé e sí, ìyẹn ilé ìsìn ńlá olópòó púpọ̀ tí wọ́n kọ́ láàárín 1801 sí 1811 sí ẹ̀bá òpópónà Nevsky. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ darí rẹ̀, Vladimir Bogoraz, kì í ṣe oníyẹ̀yẹ́ rárá. Onímọ̀ nípa àṣà ni, ó ti gbé láàárín àwọn Chukchi ní ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn Siberia, ó gbọ́ èdè wọn, ó sì kọ ìwé tó nípọn nípa ìgbé ayé àti ìgbàgbọ́ wọn.

Ní 1990 ni wọ́n yọ ọ̀rọ̀ àìgbọlọ́rungbọ́ kúrò lára orúkọ ilé náà. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n rí egungun Seraphim ti Sarov, ẹni mímọ́ tí àwọn Kristẹni Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ilẹ̀ Rọ́ṣíà ń bọlá fún gidigidi, níbi tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà ń kó ẹrù sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé ó ti ṣègbé tipẹ́. Ọdún 1991 ni wọ́n dá a padà fún ṣọ́ọ̀ṣì. Nítorí náà, ilé tí wọ́n dá sílẹ̀ láti fi bá ẹ̀sìn jà ló pa egungun ẹni mímọ́ mọ́, bóyá wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí wọn kò mọ̀ọ́mọ̀. Kàtídírà náà ti padà sọ́wọ́ àwọn olùjọsìn, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sì ti kó lọ sí òpópónà Pochtamtskaya, kí ẹ má baà lọ máa béèrè tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn tó ń gbàdúrà.

Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má kánjú kọjá Ilẹ̀ Mímọ́ Búdà Amitabha, àwòrán gbígbẹ́ ibi ìsinmi tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà kan ń retí lẹ́yìn ikú. Ilẹ̀ Buryatia ní Siberia ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún: Búdà jókòó láàárín, àwọn ère kéékèèké, igi àti òdòdó yí i ká, bí àwọn ẹlẹ́sìn rẹ̀ ṣe rò pé ibi ìsinmi yẹn rí. Mo wọlé pẹ̀lú èrò pé ìṣẹ́jú márùn-ún ni n ó lò. Nígbà tí mo jáde, ìyàwó mi ti wá mi títí ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Àlùfáà dáhùn pé:

Ní ti àárẹ̀ tí ẹ sọ, ohun tó ń fà á ni pé ènìyàn ń wo ẹ̀sìn kan tán kó tó bọ́ sí òmíràn, bí ẹni ń ka orúkọ nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀. Ẹ mú ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́wọ́ kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì gbé e lọ láti yàrá dé yàrá. Èmi máa ń béèrè pé: kí ni wọ́n ń ṣe sí òkú wọn? Lẹ́yìn èyí, ère kékeré tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ń kó sínú ibojì pé kó máa bá òkú ṣiṣẹ́ kò ní jẹ́ ère lásán mọ́, nítorí ẹ ó ti máa ronú nípa ẹ̀sìn tó gbà pé iṣẹ́ oko ṣì ń dúró deni lẹ́yìn ikú.

Àwọn ilé mìíràn ti ṣe iṣẹ́ yìí fún àlejò. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé St Mungo ní Glasgow ní Scotland, tí wọ́n ṣí ní 1993, wọ́n to ọ̀pọ̀ nǹkan ní ìtòsí ara wọn gẹ́gẹ́ bí ìgbésí ayé ènìyàn ṣe ń lọ, láti ìbí dé ikú. Èyí tó wà ní ìlú New Taipei ní Táíwàn, tí olùkọ́ ẹ̀sìn Búdà kan dá sílẹ̀, tí wọ́n sì ṣí ní 2001, tún ṣe àwòṣe kékeré àwọn ilé ìsìn olókìkí bíi Kàtídírà Chartres àti Tẹ́ńpìlì Oníwúrà ti àwọn Síìkì. Kí àlejò tó wọ inú gbọ̀ngàn rẹ̀, omi tó ń ṣàn lára ògiri ni yóò kọ́kọ́ bá, yóò sì na ọwọ́ sí i. Èyí dùn mọ́ mi ju gbogbo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lọ, nítorí kò sí ẹni tí wọ́n ní láti ṣàlàyé ìwẹ̀nùmọ́ fún.

Àgbà Òǹkàwé dáhùn pé:

Ọ̀rọ̀ Ọmọ Àlùfáà dára, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn tán. Tí a bá to ìbí gbogbo ẹ̀sìn pọ̀, tí a to ikú gbogbo wọn pọ̀, àlejò á jáde pẹ̀lú èrò pé ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ wọn gan-an ni àwọn ènìyàn fi ẹ̀mí wọn dù. Ní Glasgow yìí náà, ní ọdún tí wọ́n ṣí i, àlejò kan tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba ère ti ère idẹ Shiva Nataraja, òrìṣà àwọn Híńdù tó ń jó, ṣubú, ó sì bà á jẹ́. N kò gbè é lẹ́yìn o. Síbẹ̀, ó hàn gbangba pé lójú ọkùnrin yẹn, ère náà kì í ṣe iṣẹ́ ọnà lásán, kò sì rí bẹ́ẹ̀ lójú àwọn Híńdù tí ọkàn wọn gbọgbẹ́. Àwọn tó gbé e síbẹ̀ nìkan ló lè máa wò ó bí ohun àfihàn.

Nítorí náà, ní tèmi, ìbéèrè tí mo máa ń gbé lọ ni: ta ló ni ín, báwo ló sì ṣe kúrò lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ wo ìwé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan kọ̀ọ̀kan. Tí ó bá sọ ọdún tí wọ́n ṣe é, tí ó sọ irú igi tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ, tí kò wá sọ ẹni tó fi í sílẹ̀ tàbí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Arìnnà fèsì pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè Àgbà Òǹkàwé ni n ó mú lọ, nítorí ìtàn egungun Seraphim yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti àná. Ó ku ọ̀kan: ṣé kí n gbé kámẹ́rà ńlá mi dání?

Olùkọ́ Ìtàn dáhùn pé:

Ẹ béèrè lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí ẹ ó nílò jù ú lọ ni awò ìkàwé yín, nítorí ìmọ́lẹ̀ ń mú kí àwọ̀ aṣọ àti ìwé àtijọ́ ṣá, wọ́n sì máa ń jẹ́ kí inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀. Awò tèmi wà ní òtẹ́ẹ̀lì ní ọjọ́ tí mo lọ.