Kíbọ́ọ̀dù kékeré wo ni kí n rà tí ò ní gbọ́n àpò mi gbẹ?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Fìà l'Óṣogbo níbí ni mo ti ń tẹ iṣẹ́ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kíbọ́ọ̀dù láàpútọ́ọ̀pù mi ti ń gbé lẹ́tà "a" mì, bẹ́ẹ̀ ta ló fẹ́ kọ Yorùbá láìsí "a"?

Mo fẹ́ kíbọ́ọ̀dù mechanical kékeré (irú èyí tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní switch tirẹ̀ lábẹ́), tí mo lè yọ switch rẹ̀ fúnra mi láìgbé e lọ bá àwọn tó ń jó wáyà. ₦45,000 ló wà lọ́wọ́ mi, kò sí àlékún.

Mo ń wo kíbọ́ọ̀dù Royal Kludge méjì, RK61 àti RK68. RK61 ò ní bọ́tìnnì ọfà lọ́tọ̀, àfi kéèyàn lo bọ́tìnnì Fn. Èmi tí mò ń lọ sókè sódò nínú iṣẹ́ oníṣẹ́ látàárọ̀, ṣé mi ò ní kábàámọ̀? Mo tún gbọ́ pé kì í ṣe gbogbo RK61 ni switch rẹ̀ ń yọ. Báwo ni mo ṣe máa dá èyí tó ń yọ mọ̀ kí n tó sanwó? Tó bá jẹ́ switch ẹlẹ́sẹ̀ 3 nìkan ló ń gbà, ṣé kí n kàn gé ẹsẹ̀ oníke 2 ara ẹlẹ́sẹ̀ 5?

Switch Blue tó máa ń dún gan-an ò ṣeé ṣe: òru niná máa ń dé, ọmọ sì ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Red (tó ń wọlẹ̀ gbọọrọ) àbí Brown (tó máa ń ta díẹ̀ lọ́wọ́ téèyàn bá tẹ̀ ẹ́), fún ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ wúwo?