Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi bàálù tó fọwọ́ ara rẹ̀ kan gbé mi tàkìtì: ṣé párásúùtì yìí bófin mu?

Ẹni tó ń béèrè (Kàbà):
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Texas ti kan bàálù kékeré oníjókòó méjì parí, ó sì ní bí mo bá dé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ògún, òun yóò gbé mi tàkìtì lójú òfurufú. Ó fi àwòrán párásúùtì tó yá fún mi ránṣẹ́. Nígbà tí mo fẹ àwòrán náà lójú, mo rí káàdì kékeré kan nínú àpò rẹ̀, wọ́n kọ 10 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún yìí sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kì í wọ párásúùtì rárá, òfin kò sì mú òun. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó dà bí ẹni pé mò ń rí ẹ̀gbọ́n mi fín.

Ọmọ ẹgbẹ́ (Ẹ̀gbẹ̀):
Bó bá dá fò, òótọ́ ló sọ. Bí ẹ bá ti wọlé tì í, ọ̀rọ̀ yí padà. Òfin ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà, abala 91.307, sọ pé awakọ̀ tó gbé èrò kò gbọ̀dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ dà bàálù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá 60 dígírì, tàbí kó gbé imú rẹ̀ sókè tàbí kó tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ kọjá 30 dígírì, àfi bí gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ bá wọ párásúùtì tí ìjọba fọwọ́ sí. Méjì lẹ nílò, ọ̀kan ló yá. Pé ó fọwọ́ ara rẹ̀ kan bàálù náà kò yọ ọ́ nínú òfin yìí.

Ní ti káàdì, ọjọ́ tí wọ́n ká párásúùtì náà kẹ́yìn ló wà lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rá náílọ̀n, ẹni tó ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti tún un ká láàárín 180 ọjọ́ (120 ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó yí i padà lọ́dún 2008). Bó bá jẹ́ sílíìkì, 60 ọjọ́ péré. Bí tiyín bá tiẹ̀ jẹ́ náílọ̀n, yóò ti kọjá àkókò lẹ́yìn 9 oṣù Agẹmọ, kí ẹ tó dé ibẹ̀.

Ọmọ ẹgbẹ́ (Ìsánlú):
Ẹ kúnlẹ̀ bi í lórí fóònù, àbúrò mi, ṣùgbọ́n ẹ bi í. Kí ẹ tó gbéra, ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣí ìdérí bàálù, kí ẹ tú bẹ́líìtì ìjókòó láì tú ti párásúùtì, nítorí ìdè méjèèjì sún mọ́ra láyà.

Ẹni tó ń béèrè (Kàbà):
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti pè é. Ó ní òun yóò gbé e lọ fún ẹni tó ń ká a, òun yóò sì wá ọ̀kan fún ara òun.