"Ìtẹ́lọ́rùn" tó wà nílẹ̀ àti "àyómápòǹgbẹ" tí a fẹ́ dá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará, pàápàá ẹ̀gbọ́n wa tó gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ẹ̀gbọ́n ní "ìtẹ́lọ́rùn" ti gbó, pé kò lè gbé ohun tí Kristẹni ń wá nígbà tí fàájì ti sú u, tí iṣẹ́ náà sì ti sú u. Wọ́n wá dá "àyómápòǹgbẹ" fún un, ìyẹn yíyó tí òùngbẹ kì í gbẹni mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnìkan fèsì pé kò sídìí ọ̀rọ̀ tuntun, torí pé "ọ̀run" ti wà nínú "ìtẹ́lọ́rùn" látilẹ̀: ohun tó bá ti ọ̀run wá nìkan ló ń tẹ́ni lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ọ̀run kúrò lọ́nà. Ìwàásù tó dùn ni, àmọ́ ohùn ọ̀rọ̀ náà kò gbà á. "Ọ̀run" bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó parí sí àárín. Bí "ní" bá ṣaájú rẹ̀, "lọ́run" la ń gbọ́, bí "ní ọ̀la" ṣe ń di "lọ́la". Ọrùn tí a ń fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ni ohùn rẹ̀ ń já sílẹ̀ níparí. Ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu: "ó tẹ́ mi lọ́rùn." Ọrùn ni, ọrùn ẹran ara yìí. Ó ṣe mí bákan láti ba ìwàásù jẹ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Ó wá ku "àyómápòǹgbẹ". Bí Yorùbá bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀-orúkọ sọ ohun tí kì í ṣẹlẹ̀, "àì" ló sábà ń lò: àìsàn, àìtó, àìnítìjú. "Má" sábà ń jẹ mọ́ àṣẹ. Ó ń dún létí mi bí ẹni tí wọ́n dúró tì, tí wọ́n ń kìlọ̀ fún pé òùngbẹ kò gbọdọ̀ gbẹ ẹ́. Yàtọ̀ síyẹn, ẹ gbọ́ "ó yó" láìsí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn. Ọtí ni. Mo fẹ́ fi èyí da ẹjọ́ náà nù pátápátá, àfi ìgbà tí mo rántí Mátíù 5:6: àwọn tí ebi òdodo ń pa, tí òùngbẹ rẹ̀ ń gbẹ, "wọn ó yó" ni àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá kọ síbẹ̀, Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà "yó" kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Mo yọ ọwọ́ lórí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó sún mọ́ ìtẹ́lọ́rùn, "ìgbádùn", kò gba àríyànjiyàn púpọ̀. "Gbọ́" àti "adùn" ni, "gbọ́" kan náà tí a fi ń gbọ́ ìró, tí a fi ń gbọ́ òórùn. Bí ohun tó ń dún bá dákẹ́, ohun tí à ń gbọ́ tán nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni gírámà "tẹ́ lọ́rùn". Lọ́dún tó kọjá mo parí iṣẹ́ ìtumọ̀ kan tó gba oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ mi. Mo fi í ránṣẹ́ lóru, mo pa kọ̀ǹpútà, fáànù inú rẹ̀ dákẹ́. Mo sọ ọ́ jáde fún ara mi: "Iṣẹ́ yìí tẹ́ mi lọ́rùn." Òótọ́ sì ni. Kí n tó fọ eyín tán, gbólóhùn kan lójú ìwé kejì ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ wo gbólóhùn tí mo sọ yẹn: iṣẹ́ ni olùwà, ohun tó ń ṣe é; èmi ni àbọ̀, ẹni tí ó ń ṣe é fún. A kì í sọ pé "mo tẹ́ lọ́rùn". (Ẹni tó bá ní "mo tẹ́" lásán, ẹ̀tẹ́ ló dé bá a yẹn.) Nǹkan kan gbọ́dọ̀ dúró sípò olùwà kó tó lè tẹ́ni lọ́rùn, bí ó bá sì ti kúrò níbẹ̀, gbólóhùn wó nìyẹn.

Ẹ wá ka Oníwàásù orí kejì pẹ̀lú ojú yìí. Ó fi ilé sípò olùwà, ó fi ọgbà àjàrà síbẹ̀, fàdákà, wúrà, àwọn akọrin lọ́kùnrin lóbìnrin. Ní ẹsẹ 10 ó ní ọkàn òun yọ̀ nínú iṣẹ́ òun, kò parọ́. Ní ẹsẹ 11 ó yíjú wò wọ́n, asán ni. Ẹnìkan níbí ń bínú sí "asán", pé ó sọ iṣẹ́ di yẹpẹrẹ. Ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà níbẹ̀ ni hevel, èémí, ohun tó jáde lẹ́nu tí ọwọ́ kò lè dì mú. "Asán" kò sì burú sí i. Ẹsẹ̀ lásán, ojú lásán: ẹsẹ̀ náà dá, ojú náà ríran, ohun tó yẹ kó bá wọn rìn ni kò sí. Orí kẹta ìwé kan náà ló sọ pé kí èèyàn jẹ, kó mu, kó rí ire iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni.

Pọ́ọ̀lù ṣe ohun tó jọ mí lójú jù. Nínú ìdè ló ti kọ̀wé sí àwọn ará Fílípì pé òun ti kọ́ láti ní ìtẹ́lọ́rùn nípòkípò. Autarkes ló lò, ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ Gíríìkì fi ń yin ẹni tó tó fún ara rẹ̀, tí kò nílò ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ méjì lẹ́yìn náà, ó ní nínú Kristi tó ń fún òun lágbára ni òun fi lè ṣe ohun gbogbo. Kò dá ọ̀rọ̀ tuntun. Ó yá tiwọn, ó yí olùwà rẹ̀ padà.

Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ èmi ni n ó kọ "tẹ́ lọ́rùn" sínú ìwé atúmọ̀, gbólóhùn méjì ni n ó fi ṣàpẹẹrẹ: "Iṣẹ́ náà tẹ́ mi lọ́rùn" àti "Olúwa tẹ́ mi lọ́rùn." Kí ẹ̀gbọ́n wá bá wa wò ó bóyá ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni, tàbí kí a fún ìkejì ní nọ́ńbà tirẹ̀, bí ìtumọ̀ ọ̀tọ̀.