Níbo ni mo ti lè rí àṣíborí awakọ̀ eré ìje ra?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń gbé. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ lọ sáré ọkọ̀ lórí pápá tí wọ́n tì pa fún un l'Ékòó, lópin ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù tó ń bọ̀. Corolla ni mo máa gbé lọ. Bíréèkì, táyà àti bẹ́líìtì ti wà ní sẹpẹ́, mo sì ti fi bóòtù de ẹ̀rọ ipaná mọ́lẹ̀. Àṣíborí ló kù.

Àwọn tó ṣètò rẹ̀ ní àfi èyí tó bá ní àmì Snell (àjọ tó ń dán àṣíborí wò) SA2020 tàbí SA2025, ìyẹn ti eré ìje ọkọ̀, nínú. Mo wá a títí ní Tàkíé, mo dé Ìbàdàn, ti ọlọ́kadà ni gbogbo wọn ń kó jáde. Ẹnì kan fi èyí tó ní àmì M2020, ìyẹn ti ọ̀kadà, hàn mí, ó ní ọ̀kan náà ni. Rárá o! SA ni wọ́n ń fi iná dán wò, wọn kì í fi iná dán M wò. Tòkunbọ̀ náà ò wù mí, torí ta ló mọ̀ bóyá ó ti forí gbá nǹkan rí?

Ta ló ti ra SA tuntun n'Íbàdàn tàbí l'Ékòó, níbo, èló sì ni? Tó bá jẹ́ òkè òkun la ti ń rà á, ọ̀sẹ̀ mélòó ló máa ń gbà kó tó dé?